Pákó Dúdú Orí Àpọ́nlé

Èédú ni wọ́n pè é. Kàfáyá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ìbínú rẹ̀ sì ru bí ẹ̀kọ tó hó bo iná. Ilé-iṣẹ́ kan ní Sáńgò Ọ̀tà ló ń walẹ̀ fẹ́ńsì tuntun, ni katapílà bá hú pákó dúdú kan jáde nínú ẹrẹ̀ etí odò, níbi tí ìyá rẹ̀ ti fi hàn án láti kékeré pé ibẹ̀ ni wọ́n sin Àpọ́nlé, ìyá ìyá òun, sí.

Adérógbà, máníjà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ní kò sí sàárè níbẹ̀, àwọn kan ló sun èédú lórí ilẹ̀ náà rí. Bí kì í bá ṣe iná, kí ló sọ igi di dúdú bẹ́ẹ̀? Bí Kàfáyá bá ní ẹ̀rí, kó mú un wá lọ́la.

Kàfáyá ru pákó náà lọ sílé. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe sí pákó tútù ló ṣe: ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn, ó ń kọrin sí i bí ẹni ń wẹ ọmọ jòjòló:

Àpọ́nlé o, jáde wá jẹ́rìí,
Pákó rẹ ò jóná,
Ilẹ̀ ló pa á láró.

Kí oòrùn tó wọ̀, pákó tó dúró gbọn-in láàárọ̀ ti súnkì, ó là, ó ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Kàfáyá káwọ́ lérí.

Fáìzàh ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nípa igi, ló ṣàlàyé fún un. Atẹ́gùn kì í dé inú ẹrẹ̀, ìdí nìyẹn tí igi ibẹ̀ kì í fi í tètè jẹrà. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ń jẹ ẹran ara igi náà tán, tí egungun rẹ̀ nìkan ń kù, omi ló sì ń di àyè ẹran mú. Oòrùn fa omi náà, egungun wó.

“Dídúdú rẹ̀ ńkọ́?”

“Màmá, báwo ni àwọn àáfà ṣe ń po tàdáwà wàláà láyé àtijọ́?”

Kàfáyá rántí pé wọ́n á se èèpo igi kíkorò, wọ́n á ju irin tó dípẹtà sí i. Ìkorò inú igi, irin inú ẹrẹ̀. Ìbínú rẹ̀ wá di ìlọ́po méjì: tàdáwà ni wọ́n ń pè ní èédú.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí ìyá àti ọmọ padà dé etí odò, Adérógbà ní kí wọ́n yọ pákó mìíràn wá sí ọ́fíìsì, kí ọ̀gá àgbà rí i. Fáìzàh ní yóò rún bíi ti àkọ́kọ́. Kò gbọ́; ó ti ń juwọ́ sí katapílà. Ni Kàfáyá bá jókòó sétí kòtò, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sínú rẹ̀.

“Ọ́fíìsì yín ò ga ju sàárè lọ,” ló wí. “Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó bọ́ bàtà, kó sọ̀kalẹ̀.”

Adérógbà kùn, ó kùn, ìyá ò mira. Níkẹyìn ó bọ́ bàtà. Ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó bá pákó kan, ó bá èkejì, wọ́n fẹ̀gbẹ́ ti ara wọn bí a ṣe ń tò ó kí iyẹ̀pẹ̀ má bà á kan òkú. Òun náà ti bá wọn sin bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Ìjòkó. Ó ti na irú pákó yẹn sí àáfà nínú sàárè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní kí katapílà padà sẹ́yìn.

“Ẹ má bínú, Màmá.”

“Èmi kọ́ lẹ ṣí lórí,” ni Kàfáyá dáhùn. “Ẹ bẹ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Àpọ́nlé lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ tán, ẹ da ẹrẹ̀ tútù bò ó kí oòrùn tó dé ibẹ̀.”