Wọ́n Ṣubú ní Bódìjà

Islamiat kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Bódìjà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ọ̀dà ibẹ̀ bí ìyá tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Ọ̀dà náà le, ó sì tẹ́jú. Kò sí ihò kan, kò sí ibi tó sán, ìlà funfun àárín títì ṣì mọ́ kedere. Ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ó léwu jù lọ ní gbogbo Ìbàdàn nìyí, ewúrẹ́ méjì sì sùn fọnfọn sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ku díẹ̀. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, yóò dúró níwájú ìgbìmọ̀ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó títì, yóò sì sọ fún wọn abala títì tó yẹ kí wọ́n tún ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni agbára wọn ká lọ́dún yìí. Látẹ̀yìnwá, títì ẹni tó bá pariwo jù ni wọ́n máa ń tún ṣe. Islamiat ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ìṣirò sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì gbáko ló fi rìn láti Àpáta dé Akóbò, lórí ọgọ́fà abala títì. Ó kọ bí ọ̀dà kọ̀ọ̀kan ṣe rí sílẹ̀, ó kọ ohun tí àtúnṣe rẹ̀ máa ná wọn, ó sì kọ iye èèyàn tó ti fara pa níbẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìṣirò kan, ìṣirò náà sì tò wọ́n tẹ̀léra, láti orí èyí tí a kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ dé orí èyí tó lè ní sùúrù.

Bódìjà ló gba ipò kìíní. Èèyàn mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ti fara pa níbi tí kò gùn tó ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ìgbìmọ̀ ti rí ìwé náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì yìn ín. Àwòrán nìkan ló kù, òun ló sì bá wá síbí. Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ yà? Ṣé ewúrẹ́ ni?

“Mánsúrù, bi ọmọ yẹn ohun tó ń wá. Ó ti pẹ́ tó ti kúnlẹ̀.”

Bàbá arúgbó kan ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú gbọ̀ngàn kékeré tí àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti ń ṣe ìpàdé, ọ̀pá wọn wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Mánsúrù, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, ju táyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá ní kí lo sọ nù?”

Islamiat dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀, ó sì kí àwọn méjèèjì. “Ibi tí àwọn èèyàn ti ń fara pa ni mò ń wá, ẹ̀gbọ́n.”

“Níbí?” Mánsúrù wo ọ̀tún, ó wo òsì. “O ṣìnà.”

Islamiat kò bá a jiyàn. Ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará àdúgbò kọ̀ọ̀kan wà lórí fóònù rẹ̀, ó wá ti Bódìjà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan jáde: “Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni. Wọ́n ń ti ìpàdé bọ̀, wọ́n tẹ pẹpẹ orí gọ́tà yẹn, pẹpẹ yẹ̀, wọ́n ṣubú, orúnkún wọn sì bó.”

“Èmi nìyẹn,” ni Mánsúrù wí, inú rẹ̀ dùn. “Ohùn mi ò burú.”

“Àwọn tó ṣubú yẹn dà, ẹ̀gbọ́n? Mẹ́ta ni mo kọ.”

“Mẹ́ta báwo? Bàbá Àjàgbé ni mò ń sọ. Àwọn nìyí.” Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀dọ̀ bàbá orí bẹ́ǹṣì. Bàbá Àjàgbé gbé ọ̀pá wọn sókè díẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀.

“Àwọn nìkan?”

“Àwọn nìkan náà ni. Àbí kí n máa sọ pé Bàbá ń bọ̀, ó ṣubú? Ṣé wọn ò kọ́ mi nílé ni?”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé Islamiat kí ẹ̀rù tó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àwọn tó ṣubú. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lé ní irinwó, kò sì ráyè gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ló bá ní kí ẹ̀rọ máa bá òun kà á: níbi tí ẹlẹ́rìí bá ti sọ pé “ó ṣubú”, kó kọ ẹnì kan, níbi tó bá ti sọ pé “wọ́n ṣubú”, kó kọ mẹ́ta. Èdè òyìnbó ló ń rò lọ́sẹ̀ yẹn láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Òun, ọmọ Ṣakí, tí kò pe bàbá rẹ̀ ní “ó” rí láyé, kódà lójú oorun.

“Àwọn yòókù tó ṣubú níbí ńkọ́?”

“Àgbà ni gbogbo wọn. Ta ló tún ń wá sí ìpàdé òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì?”

Ó gun orí pẹpẹ tí wọ́n fi bo gọ́tà iwájú gbọ̀ngàn náà wò. Ó mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì dá kẹ̀kẹ́ kan dúró, ó ń lọ sí Agbowó.

Ọlọ́runtóyìn, tí wọ́n jọ ń lo yàrá iṣẹ́ kan náà, ń mu gààrí nígbà tó já wọlé.

“Tóyìn, tí màmá ẹ bá ṣubú, èèyàn mélòó ló ṣubú?”

“Màmá mi ò ní ṣubú lórúkọ Jésù.” Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Kí ló dé?”

Islamiat sọ fún un. Ọlọ́runtóyìn fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí gààrí fi wú nínú abọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó tira wọn. Níbi tí “Bàbá” tàbí “Màmá” tàbí “Alájì” tàbí “Pásítọ̀” bá ti ṣáájú “wọ́n”, wọ́n sọ ọ́ di ẹnì kan. Èyí tí kò bá dá wọn lójú, wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di aago kan, ìṣirò náà ti tún ara rẹ̀ tò. Méjìdínlógún péré ló kù ní Bódìjà, ó já bọ́ láti ipò kìíní sí ipò kẹtàlélógójì. Ọ̀nà Apẹ́tẹ́, tó wà ní ipò keje tẹ́lẹ̀, ló bọ́ sí ipò kìíní.

Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ti Apẹ́tẹ́, kò lé, kò dín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun ọ̀kadà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ń bọ̀ láti kíláàsì, ó ṣubú. Ọ̀kadà wọ ihò, ó ṣubú. Kò sẹ́ni tó bu iyì kún wọn, kò sì sẹ́ni tó kà wọ́n ju bí wọ́n ṣe mọ lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìṣirò tirẹ̀ kò wo iwájú, kò sì wo ẹ̀yìn. Àgbà ló ń kí kiri. Ojú tì í, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ fún àwọn ọmọ náà.

“Kàn pààrọ̀ ìwé náà,” ni Ọlọ́runtóyìn wí. “Má sọ pé o ṣì í kà. Tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n á padà sídìí ẹni tó ń pariwo.”

Ìyẹn gan-an ló ń ba Islamiat lẹ́rù títí ó fi dé iléeṣẹ́ náà ní Dùgbẹ̀. Tí ìgbìmọ̀ bá da ìṣirò náà nù lónìí, ta ni yóò bá àwọn ọmọ Apẹ́tẹ́ pariwo?

Èèyàn méje ló yí tábìlì ká. Ẹnjiníà Akíndúró ni alága wọn, ọkùnrin tí wọ́n ní kì í rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Islamiat ti múra láti fi àwòrán bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, iye Bódìjà tí mo fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tọ́. Èmi ni mo ṣì í kà.” Ó ṣàlàyé “ó”, ó ṣàlàyé “wọ́n”. Ẹnì kan ní àwọn ti sọ fún àwọn ará Bódìjà pé títì wọn ni àwọn máa tún ṣe.

Ẹnjiníà Akíndúró bọ́ awò ojú. “Jẹ́ ká gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí Bódìjà yẹn.”

Islamiat tẹ èyí tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀: “Ẹnjiníà kan ni. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń pariwo sórí fóònù, wọn ò wo ilẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, wọ́n ti wà nínú gọ́tà.”

Ẹnjiníà Akíndúró tún awò ojú wọ̀.

“Èmi ni,” ni wọ́n wí. “Ó sì dá mi lójú pé èmi nìkan ni mo wà nínú gọ́tà yẹn.”

Àwọn tó kù gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra, wọn ò rí i ṣe, nígbà tí wọ́n sì gbójú sókè, Ẹnjiníà pàápàá ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí ó tẹ ti Apẹ́tẹ́. Islamiat tẹ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnjiníà Akíndúró fa ìwé sọ́dọ̀, wọ́n fọwọ́ sí Apẹ́tẹ́. “Ti Bódìjà kò nílò ìgbìmọ̀. Kí bírìkìlà gbé sìmẹ́ǹtì lọ bá pẹpẹ yẹn lọ́la. Ìṣirò yìí ni a ó sì máa lò lọ.”

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó padà dé Bódìjà. Kò pọn dandan kó wá, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bàbá Àjàgbé ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, èrò ìpàdé ti kún tì wọ́n.

Islamiat kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀nà Apẹ́tẹ́ ni wọ́n máa tún ṣe. Ti yín, pẹpẹ nìkan ni, bírìkìlà ń bọ̀ lọ́la.”

“Àwọn ọmọ ló ń ṣubú ní Apẹ́tẹ́,” ni Bàbá wí. “Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ fún wọn pé iye tiwa kò tọ́?”

“Èmi ni, sà.”

“O sọ pé ìwọ lo ṣì í kà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Bàbá Àjàgbé fi ọ̀pá wọn kan ilẹ̀. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa katakata ní iléeṣẹ́ títì yẹn. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan sọ pé òun ló ṣì í.” Wọ́n yíjú sẹ́yìn. “Mánsúrù, gbé àga wá fún wọn.”

Islamiat bojú wẹ̀yìn kó lè wo àwọn tó ń bọ̀. Kò rí ẹnikẹ́ni, àfi ewúrẹ́ méjì àárọ̀. Mánsúrù nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ, ó wọ inú gbọ̀ngàn lọ. Àga kan ṣoṣo ló gbé jáde.