Bí Sìlífátù Ṣe Dá Kọ́pà Dúró

Ní ilé ìwé girama ìjọba kan lẹ́yìn Addo, nítòsí Ajah, tíṣà Yorùbá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ti Físíìsì kò sí rárá. Èyí tó ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìn tì kí Sìlífátù tó wọ SS1. Ìjọba ní àwọn ti ń fi òmíràn ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé orí omi ni ẹni náà ń gbà bọ̀, tó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ tu ọkọ̀, ó yẹ kó ti dé.

Nítorí náà, bí ago Físíìsì bá lù, àwọn ọmọ á gbálẹ̀ kíláàsì. Bí wọ́n bá gbá a tán tí ago kejì kò tíì lù, wọ́n á tún un gbá. Sìlífátù sì ni ọmọ tó ti sọ fún gbogbo ará ilé wọn pé ẹnjiníà ni òun máa jẹ́. Kò sí ifásitì tó ń gba ẹni tí kò mọ Físíìsì sí iṣẹ́ ẹnjiníà, ì báà mọ ilẹ̀ gbá kó máa dán.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde ní SS2 ni Kọ́pà Olúwaṣíjibòmí dé, ọmọ Èkìtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn àgùnbánirọ̀ tí ìjọba ń pín káàkiri fún ọdún kan. Ọkùnrin náà mọ̀wé kọ́. Kò ní irinṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó so òkúta mọ́ ọn, ó sì fi í bíi jangirọ́fà níwájú wọn títí tí àwọn tó ń tòògbé fi lajú. Sìlífátù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìwé kí wọ́n tó ṣí géètì. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ẹ̀rù ń bà á.

Ẹ̀rù náà nídìí. Oṣù kẹta ni kọ́pà máa parí, oṣù karùn-ún ni ìdánwò àṣejáde máa bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì tíì fọwọ́ kan ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, níbi tí ìbéèrè ti máa ń pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ kan, kọ́pà bi wọ́n pé bí wọ́n bá fi ilé ìwé yìí lé wọn lọ́wọ́, kí ni wọ́n máa tún ṣe níbẹ̀. Ẹnì kan ní fáànù. Ẹlòmíì ní ilé ìyàgbẹ́ tó ní ilẹ̀kùn. Sìlífátù ní tíṣà tí kò ní lọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, kọ́pà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò pẹ́. Nígbà tó jáde, Sìlífátù tẹ̀ lé e, ó bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀wọ́ dúró ti àwọn títí ìdánwò yóò fi parí. Ó dá a lóhùn pé ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò. Ọjọ́ tí òun bá bọ́ kákí ni owó oṣù òun máa dúró, lánlọ́ọ̀dù òun ní Ajah kò sì ní gba ṣọ́ọ̀kì dípò owó ilé.

Taofeek tí wọ́n jọ ń jókòó ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló sì pè é. Ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun ń ṣe kọ́pà, ó sá níbi iṣẹ́, wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta kún tirẹ̀.

"Ká ní kọ́pà wa náà sá ni," ó ní, "wọ́n á fún wọn ní ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n, àwa náà á gbádùn wọn dìgbà ìdánwò."

Ó sọ ọ́ tán, ó gbàgbé ẹ̀. Sìlífátù ò gbàgbé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan yọ sí wọn láìròtẹ́lẹ̀ láti ọ́fíìsì tó ń mójú tó àwọn kọ́pà. Ọjọ́ náà gan-an ni kọ́pà tọrọ àyè lẹ́nu prínsípà, tó gba ọ̀nà Lẹ́kkí Free Zone, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí, lọ, prínsípà fúnra rẹ̀ sì wà nípàdé. Obìnrin náà wọ kíláàsì, ó béèrè ìgbà tí wọ́n rí kọ́pà gbẹ̀yìn. Sìlífátù dìde.

"Ó ti lé lóṣù kan tí a ti rí wọn, mà."

Obìnrin náà wo àwọn yòókù lójú. Taofeek yíjú sí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó já a nírọ́, nítorí ohun tí Sìlífátù ń wá ni gbogbo wọn ń wá, òun nìkan ló láyà. Obìnrin náà yìn ín, ó ní irú ọmọ tó ń sọ òótọ́ báyìí ni ìlú nílò.

Ẹni tó bá fẹ́ bú ọmọ náà, kò burú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bú àwọn tó jẹ́ kó di pé irọ́ ni ọmọdé máa pa kó tó lè rí tíṣà.

Wọ́n fi oṣù mẹ́ta kún ti kọ́pà, láìsí owó. Prínsípà ní òun lòun fún un láyè, ṣùgbọ́n ẹnu ló fi fún un láyè, ọ́fíìsì sì ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti jẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé ìparí, tí wọ́n ń ya fọ́tò kiri, òun wọ mọ́tò padà sí Addo. Sìlífátù gbọ́, ó ní alihamudulilai.

Ní ọjọ́ Ajé, kọ́pà wọ kíláàsì pẹ̀lú kákí rẹ̀. Kò kí wọn. Ó béèrè ẹni tó sọ pé òun sá. Sìlífátù ìbá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa tú u fó, ṣùgbọ́n ó rò pé bí kọ́pà bá mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á, inú rẹ̀ á rọ̀.

"Èmi ni, sà. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ẹ dúró tì wá ni."

Omi lé ròrò sí ojú kọ́pà, kò nù ún. Ó ní iléeṣẹ́ kan ní Free Zone ti gba òun síṣẹ́, ìwé ìparí nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Nígbà tí wọn ò rí ìwé, wọ́n ti fi ẹlòmíì síbẹ̀.

"O fẹ́ kí n dúró," ó ní. "Mo ti dúró báyìí."

Ó fa àga, ó jókòó, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà títí ago fi lù.

Sìlífátù rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni ìbínú náà máa gbà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òun àti Taofeek lọ bá a ní yàrá àwọn tíṣà, ọ̀kan kúnlẹ̀, ọ̀kan dọ̀bálẹ̀. Kọ́pà gbé wọn dìde pẹ̀lú sùúrù. Ó ní òun ò bínú sí wọn. Ó ní bí òun bá mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, òun kì í rí ohun tí òun fẹ́ kọ mọ́. Èyí dun Sìlífátù ju kó gbá a létí lọ.

Kó tó di ìdánwò, obìnrin ọ́fíìsì náà tún yọ sí wọn. Ó bá kọ́pà lórí àga, pátákó ìkọ̀wé ṣófo lẹ́yìn rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn pé ìyà ti kọ́ kọ́pà lọ́gbọ́n. Ó yíjú sí Sìlífátù, tó ti mọ̀ sí olóòótọ́ ọmọ, ó bi í bóyá kọ́pà ti ń wá déédéé.

Sìlífátù wo kọ́pà. Kọ́pà ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá."