Irin Ọ̀bẹ Tí Efis Mú Wá

Bainzu, darandaran kan lórí òkè ní Sàdíníà, kì í gba ènìyàn gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí o bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀," á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run bóyá lóòótọ́ ni ilẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó fọkàn tán ni Larentu, àgbà alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ̀bẹ àpò fún un nígbà tó ṣì jẹ́ àpọ́n. Ọ̀bẹ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé pípọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ojú rẹ̀ ti tín-ín-rín bí ewé koríko.

Ìdí nìyí tí Efis, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ Mallena ọmọ Bainzu, fi mú ọ̀bẹ tuntun dání lọ́jọ́ tó wá tọrọ ọmọ. Ìwo àgbò ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń ká wọnú èkù láìdún.

"Bàbá, Bàbá Larentu ló ṣe é. Irin dúdú ni, irú ti àtijọ́ tí ẹ fẹ́ràn."

Bainzu yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Etí òkun ni Efis ti wá, ọkọ̀ tó ń kó wàrà ló ń wà, àwọn ará òkè sì gbà pé ẹni tó bá gba ojú omi wá, olè ló wá jà.

"A ó wò ó," ni gbogbo ohun tó sọ.

Kò sí darandaran tí kò mọ̀ pé oríṣi irin méjì ló wà. Irin dúdú máa ń tètè mú. Gbo ó mọ́ òkúta díẹ̀, á fá irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àti ohun kíkan a máa pa á láwọ̀ dà, bí o kò bá sì nù ún, ìpáàrà á mú un. Irin funfun ní tiẹ̀ kì í pàwọ̀ dà, kì í sì í ní ìpáàrà, àmọ́ bó bá ti kú, o lè fi gbogbo ọ̀sán pọ́n ọn. Bainzu a máa pòṣé sí irin funfun. Ọ̀bẹ tí Efis mú wá yìí sì dán ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó bá gé ọsàn kíkan sí méjì, ó fi ọ̀bẹ àtijọ́ gún ìlàjì kan, ó fi ti Efis gún ìkejì, ó gbé wọn sórí ògiri ọgbà. Nígbà tó kó àgùntàn wálé, ọ̀bẹ àtijọ́ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ti Efis ń kọ mànà.

"Mallena! Wá wo ojú ọkọ rẹ."

Mallena wò ó. "Bàbá, ṣé ọ̀bẹ lẹ fẹ́ fi mí fún ni àbí ènìyàn?"

"Ẹni tó lè purọ́ irin, kí ni kò ní lè purọ́ ẹ̀? Ó lè ti níyàwó sí etí òkun lọ́hùn-ún."

"Ẹ ti ní ó ń bu omi sí wàrà. Ẹ ti ní bàtà rẹ̀ mọ́ jù. Kí ló tún kù?"

Nígbà tí Efis dé lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn ọ̀bẹ méjèèjì ló bá lórí tábìlì, láàárín búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Bainzu sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí fún un. Ojú Efis yí padà, Bainzu sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọwọ́ bà á."

"Bàbá, ọwọ́ Bàbá Larentu fúnra wọn ni mo ti gbà á. Wọ́n ní àwọn làwọn rọ ọ́."

"Larentu? Má fẹnu ẹ ba àgbàlagbà yẹn jẹ́ níwájú mi o!"

"Ó dáa. Ẹ dìde, ká lọ bi wọ́n."

Bainzu kò retí ìyẹn. Wọ́n wọ ọkọ̀ wàrà, ó ń retí kí ọmọkùnrin náà dúró lọ́nà, kó ní epo tán tàbí táyà jò. Efis kò dúró.

Nígbà tí wọ́n dé àgbẹ̀dẹ, Larentu dì mọ́ Bainzu, ó bu wáìnì fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú Bainzu ti là, kò sì gbà láti padà dì. Ó rí i pé eérú inú ààrò àgbẹ̀dẹ ti le, ológbò sì sùn lé e lórí. Ẹwìrì tí wọ́n fi ń fẹ́ iná ti ya.

"Ẹ̀gbọ́n, irin wo lẹ fi ṣe ọ̀bẹ ọmọ yìí? Mo fi gún ọsàn kíkan, kò dúdú."

"Irin dúdú kẹ̀! Bóyá ọsàn tìẹ ló dùn jù."

Bainzu kò rẹ́rìn-ín. Ó tan òkúta ìpọ́nbẹ tó ń fi iná mànàmáná ṣiṣẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ àtijọ́ kàn án. Iná ta pàrà, ó pín ẹ̀ka wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìràwọ̀, bí irin dúdú ṣe máa ń ṣe. Ó fi ti Efis kàn án: iná pupa díẹ̀, kúkúrú, kò pín síbì kankan. Larentu fìdí lélẹ̀ lórí àpótí.

"Èjìká mi ti kú, Bainzu. N kò lè gbé òòlù mọ́. Mo ń ra ojú ọ̀bẹ láti ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, mo kàn ń fi ìwo sí i ni. Bí mo bá sọ fáyé, ta ló tún máa wá?"

"Tèmi ńkọ́?"

"Ṣebí o rí bó ṣe ta iná."

Bainzu ti rí i, síbẹ̀ ó bèèrè. Gbogbo ìfura tó ní ló ti ná sórí àjèjì. Kò ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù fún ẹni tó ń bá mu wáìnì.

Efis wúkọ́. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi náà rò pé ẹ fi epo pa ọ̀bẹ náà ni, kó má baà dúdú, kí ẹ lè rí nǹkan fi lé mi lọ."

Bainzu tẹjú mọ́ ọn, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu rẹ̀ kó tó lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Larentu.

"Ó yá, ẹ má purọ́ mọ́. Nínú irin méjèèjì, èwo ló yẹ mí?"

"Ìwọ tí ọwọ́ ẹ ń wọ omi iyọ̀ wàràkàṣì lójoojúmọ́? Irin funfun. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti yẹ kí n sọ fún ẹ. Ìgbéraga àwa méjèèjì ni kò jẹ́."

Bainzu pòṣé, àmọ́ ó mú ọ̀bẹ funfun náà. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnìkan kì í gba ọ̀bẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tirẹ̀, kó má baà gé ìfẹ́ àárín wọn. Ó tú àpò, ó rí owó ẹyọ kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ Efis lọ́wọ́ láìwo ojú rẹ̀. Efis ń súfèé títí wọ́n fi délé.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n ṣègbéyàwó. Larentu fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ fún àwọn oníbàárà nílé kọfí. Àwọn kan tutọ́ sílẹ̀ wọ́n lọ, àwọn kan dúró. Bainzu ṣì ń lọ bá a mu wáìnì. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń bu tirẹ̀ báyìí.