Apẹ̀rẹ̀ Ohùn Lẹ́nu Ọ̀nà Ọpọlọ Àgbà

Mo lá àlá kan lóru àná, inú mi ṣì ń dùn bí mo ṣe ń rò ó fún yín yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mò ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn fún ìyá mi, tí etí wọn ti di. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà: àgbà tó ń pàṣẹ, àti kékeré tó ń tún ohùn ṣe. Ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà bára wọn sọ̀rọ̀ ni mi ò tíì rí yàn.

Lójú àlá, mo bá ara mi ní ọ́fíìsì kan tó léfòó lórí odò Ògùn. Ọpọlọ àgbà wọ agbádá, ó fẹ̀yìn ti àga. Ọpọlọ kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ru apẹ̀rẹ̀ kan. Ohùn ọmọ tí àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, tí ìyá mi ò tíì gbọ́ rí, ló kún inú apẹ̀rẹ̀ náà.

"Ọmọ yìí ò kí mi," àgbà wí fún mi. "Kó dọ̀bálẹ̀ ná, ká tó jọ sọ̀rọ̀."

"Bàbá, ẹ wo orí mi," kékeré dáhùn. "Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ohùn á dànù."

Ó kúkú ti ń jò.

Akọ̀wé ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Adégòróyè, ta wáyà kan ṣoṣo sáàárín wọn, kí ọ̀rọ̀ máa gba orí rẹ̀ kọjá ní ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàárọ̀" tí kékeré fi ránṣẹ́ dé lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Àgbà ní ìwọ̀sí ni.

Akọ̀wé bá ta wáyà rẹpẹtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ń fò kọjá wìì! Mo pàtẹ́wọ́. Àfi bí irùngbọ̀n akọ̀wé ṣe ń gùn sí i, ó di òbúkọ, ó sì ń jẹ wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe," ó wí, ẹnu rẹ̀ kún. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ti rí akọ̀wé tó jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohùn ọmọ náà kù díẹ̀ kó tán. Ni àpótí ìjókòó kan ní kọ̀rọ̀ bá wúkọ́. "Èmi tí mo wà níbí ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé ẹni tó ru ẹrù ń dọ̀bálẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kó…"

Kò! Kò! Mo ta jí.

Ìyá mi ló kanlẹ̀kùn. Wọ́n ti gbé ẹ̀kọ àti àkàrà mi sórí àpótí ìjókòó tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi bí ìṣe wọn, wọ́n sì ti ń lọ. Wọn kì í dúró de èsì, torí wọn ò ní gbọ́ ọ. Bí mo bá ráyè, mo máa ń jáde gbé e.

Mo ṣílẹ̀kùn, mo dúró, mò ń wo àpótí yẹn. Kí kékeré gbé ohùn kalẹ̀ síbì kan láàárín òun àti àgbà, kó kanlẹ̀kùn, kó pa dà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kí àgbà jáde wá gbé e. Ohun tí àpótí ojú àlá fẹ́ sọ nìyẹn!

"Ìyá mi, ẹ ṣeun o," mo ké tẹ̀lé wọn.

Wọn ò yíjú padà. Mo fi àkàrà sílẹ̀ níbẹ̀, mo jókòó ti iṣẹ́ mi.