Mo Fi Wáyà Bàbà Kó Irun Màámi

Bàbá Dámi, ẹ má tíì bínú, ẹ jẹ́ n rọ́ àlá mi fún yín ná. Ibi iṣẹ́ ni mo wà, níwájú ìgò gígùn tó wà láàárín àwọn mágnẹ́ẹ̀tì. Áńténà tí a bá fi wáyà bàbà ṣe sí i lára ló ń sọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ di pílásímà, iná aláwọ̀ àlùkò tí mo fi hàn yín nínú fóònù. Ọ̀gá wa ní bí iná ò bá dé ẹnu ọ̀nà lónìí, wọn á kó mágnẹ́ẹ̀tì lọ. Ọ̀gá ní kí n na áńténà náà tààrà. Mo ní, “Rárá sà, ẹ jẹ́ n lọ́ ọ. Èyí tó bá lọ́ ló máa bá agbára mágnẹ́ẹ̀tì rìn.” Ó dá mi lójú ṣáká.

Bí mo ṣe mú wáyà báyìí, orí màámi ni ìgò náà. Wọ́n jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, mágnẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, mo ń fi wáyà bàbà kó irun wọn. Mo tanná sí i. Iná yọ lẹ́nu irun kọ̀ọ̀kan, ó kọrí sí ògiri.

Màámi ní, “Òsì lo lọ́ ọ sí. Tú u.”

Mo tú u, mo lọ́ ọ sí ọ̀tún. Ọ̀gá wa bá mi di òòyà mú. Iná yíjú padà, ó ń ṣàn lọ, ó kù díẹ̀ kó kan ilẹ̀kùn, ni màámi bá fi ohùn yín kígbe, “Irùngbọ̀n mi o!”

Mo lajú. Ẹ wò ó nínú dígí, ọ̀tún náà ni mo lọ́ ọ sí.