Àlọ́ Ọ̀sán

Bí mo bá ń ka ìwé Faransé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, sísùn ni wọ́n máa ń sùn. Kí ẹnikẹ́ni má tù mí nínú, mo ríran. Màá fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi ka ojú ewé kan, màá gbójú sókè, màá sì rí orí wọn lórí tábìlì bí iṣu tí wọ́n tò sọ́jà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú ìwé àlọ́ kan bọ̀ láti Kétu, ìlú mi. Èdè wa ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì lọ́jọ́bọ̀.

Gbogbo wọn dúró. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti mu omi. Mo ṣí ìwé, mo ní, "Ààlọ́ o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún un ké. Souleymane, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

"Màdáámù, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ẹni tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á ṣìnà. Kò ní í délé mọ́."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá yín, Màdáámù."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá mi ti ń rin ọ̀nà oko ní Kétu kí wọ́n tó bí bàbá Souleymane, kò sì ṣìnà rí. Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, mo bá ń ka ìwé mi lọ. Ahun fẹ́ lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀, ojú rẹ̀ gbẹ, ó wá lọ yá omijé lọ́wọ́ Ẹtu. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Kí n tó parí ojú ewé kejì, wọ́n ti ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọmọ kan ṣoṣo ló dúró. Faïzatou ni. Ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, bàbá rẹ̀ ń dáko ní abúlé Sakin, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí etí rẹ̀ ti di ló sì ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ nílé. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ lẹ́yìn pátápátá. Òun náà kò dáhùn àlọ́, ó kàn ń gbọ́ ni. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn, òfìfo àga láàárín wa.

Mo lọ bá Awawou, ìyá Souleymane, níbi tó ti ń yan gàrí.

"Ìyá Souleymane, kí ni mo fi ṣe àwọn ọmọ yìí?"

"Ẹ ò fi wọ́n ṣe nǹkan kan, Màdáámù. Wọ́n fẹ́ràn yín ni. Wọn ò fẹ́ bá yín sin ìyá yín."

"Ṣebí ìwé ni mò ń kà! Ìwé kì í ṣe àlọ́."

"Ahun ò sí níbẹ̀?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "Ẹ dúró dalẹ́, gbogbo wa á jọ gbọ́ ọ."

Ilé-ìwé wa kò níná, ọmọ tó ń ti Ofè lọ́nà jíjìn wá kò sì lè dúró dalẹ́. Mo padà sí yàrá mi ní àdúgbò Plateau, mo dá jẹun. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n gbé mi wá sí Ṣábẹ. Wọ́n ń kí mi láàárọ̀, wọ́n ń kí mi lálẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mi. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí lórí fóònù láti béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ti rò pé ìwé yẹn ni yóò mú mi wọ inú ilé àwọn èèyàn. Ó dùn mí gan-an.

Síbẹ̀ mo ń kà á fún Faïzatou ní gbogbo ọjọ́bọ̀. Mo lórí kunkun.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọmọ lọ jẹun ọ̀sán, Albertine, aládùúgbò ìyá mi, pè mí láti Kétu.

"Ẹ má fòyà, a ti rí ìyá yín. Wọ́n ń ti ọjà bọ̀, ni wọ́n bá bọ́ sí àdúgbò míì, wọ́n ń bi àwọn ọmọdé ibi tí ilé wọn wà. A ti mú wọn wálé. Àmọ́ wọ́n ní ibẹ̀ kọ́ nilé wọn."

Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí ni. Mo mọ àìsàn tó ń mú àgbà gbàgbé ilé rẹ̀, mo ti rí i lára àbúrò bàbá mi. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kíláàsì parí tí mo ṣí ìwé, ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Oòrùn ṣì mọ́lẹ̀ rekete lórí àwọn òkè níta.

Faïzatou dìde lẹ́yìn, ó rìn wá bá mi.

"Màdáámù, ṣé ìyá yín ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́.

"Ẹ gbé ìwé náà fún mi. Tèmi ò lè ṣìnà mọ́."

Mo gbé e fún un. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Ó dúró níbi tí mo máa ń dúró sí, ó ní, "Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Abẹ́ fèrèsé ni ohùn ti wá. Souleymane yọjú, àwọn yòókù yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Àṣé wọn kì í lọ sílé. Abẹ́ fèrèsé yẹn ni wọ́n ti ń gbọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń pa ẹnu mọ́ nítorí ìyá mi. Wọ́n dà wọlé. Faïzatou ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ó kọsẹ̀ níbi "omijé," wọ́n bá a pè é. Nígbà tí Ẹtu ní kí Ahun dá omijé òun padà kó tó gbẹ, ẹ̀rín sọ. Wọ́n ń ti ara wọn kí wọ́n lè rí ojú ewé. Ohun tí mo ti ń fẹ́ fún ọdún mẹ́ta ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi, kò sì sẹ́ni tó wo ibi tí mo jókòó sí.

Nígbà tó parí, Souleymane di ìwé náà mú. "Jẹ́ kí èmi náà kà á wò."

Souleymane, tí mo ti bẹ̀ títí kó kàwé! Ṣùgbọ́n Faïzatou já ìwé gbà, ó gbá a mọ́ àyà.

"Rárá. Ìwọ ní ìyá."

Souleymane fà sẹ́yìn. Wọ́n tú ká, olúkúlùkù ń sáré lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó wá ku àwa méjèèjì. Faïzatou na ìwé náà sí mi.

Mi ò gbà á. Èmi náà ní ìyá.