Ìró Tó Dákẹ́ Láyà Lubabah

Ọkàn Lubabah máa ń dún. Ẹ má pè é lásọdùn o! Bí ilé bá ti pa rọ́rọ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ láyà rẹ̀, kì, kì, kì, bí aago ọwọ́. Fáàfù ló ń dún, ilẹ̀kùn kékeré onírin táwọn dókítà fi sínú ọkàn rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bùsírátù ìyá rẹ̀, tó ń ta léèsì ní Ṣàpọ́n, kórìíra ìró náà. Lójú tiẹ̀, àìsàn ọmọ òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ní Jímọ̀ kan, ó gbé etí lé àyà ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ kì, kì, kì náà mọ́. Alihamudulilai! Ló bá pe ààfáà, ó dín àkàrà, ó fi ṣe sàárà fún gbogbo àdúgbò wọn ní Aké. Lubabah ní kóun kọ́kọ́ rí dókítà.

"Dókítà kẹ̀? Lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti wò ẹ́ sàn? Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì yẹn náà, fi sílẹ̀. Má sì sọ fún ọkọ ẹ."

"Ó dáa, Mọ́mì," ni Lubabah wí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Lubabah ò lè mí dáadáa mọ́. Mùs'áb ọkọ rẹ̀ sáré gbé e lọ sọ́sípítù. Bó ṣe lọ sanwó, tó fi Bùsírátù tì í, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn náà: ẹ̀jẹ̀ dídì ti há fáàfù mọ́bẹ̀. Dókítà béèrè ọjọ́ tí ìró ti dákẹ́.

"Àná ni," Bùsírátù dáhùn wéré. Irọ́ gbuu! Ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí i tí dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbá ọwọ́ dókítà mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni."

"Háà, Màmá! Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ náà, oògùn ì bá yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì náà."

Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kó tó di ìrun Alásárì, Lubabah kú.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, Mùs'áb dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ẹ tọ́jú ẹ, mo rí i."

Ọ̀rọ̀ náà gún Bùsírátù láyà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bó bá dákẹ́.

"Dìde, Mùs'áb. Èmi ni mo ní kó má lo oògùn mọ́."

Mùs'áb ò dìde. Ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún, Bùsírátù sì jókòó tì í, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀.